Samuel Mockbee: Ayàwòrán Tí Ó Kọ́lé fún Irú Àwọn Ènìyàn Tí Ó Ń Kùn

Òǹkàwé kan tí ó wà ní ọdún kẹta nínú ẹ̀kọ́ yíya àwòrán ilé kọ̀wé sí mi báyìí pé: “Mo kà á níbì kan pé ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Samuel Mockbee fi koríko gbígbẹ àti táyà àlòkù kọ́ ilé fún àwọn tálákà. Wọ́n tún pè é ní ayàwòrán tí ń lo ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì. Bàbá mi máa ń sọ pé ẹni tí ó bá jókòó ti àwòrán ènìyàn kò ní í ráyè ya púláànù ilé. Ẹ jọ̀wọ́ sà, èwo gan-an ni iṣẹ́ ọkùnrin yìí nínú méjèèjì, báwo ni ayé rẹ̀ sì ṣe lọ?”

Kí n tó tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀, ẹ jẹ́ kí n dáhùn ní ṣókí. Yíya àwòrán ilé ni Mockbee fi jẹun. Òun ni ó kà ní yunifásítì, òun ni ó dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ fún, òun náà ni ó sì fi kọ́ni títí ó fi kú. Ṣùgbọ́n àwòrán ọlọ́dà ni ó kọ́ ọ bí a ti ń wo ènìyàn lójú kí a tó kọ́lé fún un, n kò sì rò pé ilé kan nínú àwọn tí ayé fi mọ̀ ọ́n ì bá rí bí ó ti rí bí kì í bá ṣe ti àwọn àwòrán náà. Èdè wa pàápàá kò ya iṣẹ́ méjèèjì nípá tán: ayàwòrán ni ẹni tí ń kun ojú ènìyàn, ayàwòrán ilé sì ni ẹni tí ń ya púláànù. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń di àríyànjiyàn láàrin bàbá àti ọmọ ni pé owó ọ̀kan dájú ju ti èkejì lọ, n kò sì dá bàbá yín lẹ́bi lórí ìyẹn.

Ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá ọdún 1944 ni wọ́n bí Mockbee ní ìlú Meridian, ní ìpínlẹ̀ Mississippi, ní gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Aláwọ̀ funfun ni, ó sì dàgbà sínú òfin tí ó ya dúdú kúrò lára funfun ní ilé-ìwé, nínú bọ́ọ̀sì àti ní ilé oúnjẹ. Òfin yìí kò ni ọmọ funfun lára, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fi bi ara wọn léèrè ohunkóhun nípa rẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1964, nígbà tí Mockbee jẹ́ ọmọ ọdún 19, àwọn ẹgbẹ́ Ku Klux Klan, ẹgbẹ́ àwọn aláwọ̀ funfun tí ó kórìíra ènìyàn dúdú, pa ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta tí ń jà fún ẹ̀tọ́ ìdìbò àwọn ènìyàn dúdú ní káúńtì (ìyẹn ẹkùn ìjọba ìbílẹ̀) Neshoba ní Mississippi. Ọ̀kan nínú wọn, James Chaney, jẹ́ ọmọ dúdú láti Meridian kan náà, ọmọ ọdún 21 sì ni. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni Mockbee lọ sí ibi ibojì Chaney, ó sì sọ ọ́ ní gbangba pé akọni ni ọmọkùnrin náà lójú òun. Ọmọ ìlú kan náà ni wọ́n, ọjọ́ orí wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ọ̀kan kú nítorí ohun tí ó gbàgbọ́. Èkejì dàgbà tán kí ó tó bi ara rẹ̀ pé kí ni òun gan-an gbàgbọ́. Mo fi ìtàn yìí síwájú nítorí pé ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò ka ilé koríko sí ẹ̀dá ọwọ́ ọlọ́gbọ́n-orí kan tí ń wá òkìkí.

Ó sin iṣẹ́ ológun fún ọdún méjì ní Fort Benning, ní ìpínlẹ̀ Georgia, kí ó tó lọ sí Yunifásítì Auburn ní Alabama, níbi tí ó ti gboyè ní ọdún 1974. Ní ọdún 1977 ó padà sí Mississippi, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan láti Auburn sì dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí ó di ọdún 1983, ó bá Coleman Coker da iṣẹ́ pọ̀, orúkọ àwọn méjèèjì ni wọ́n sì fi sọ ilé-iṣẹ́ náà. Àwọn olówó ni ọ̀pọ̀ oníbàárà wọn, ilé tí wọ́n sì kọ́ fún wọn gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán ilé. Wọ́n wo aká oko, ilé ẹran àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ àwọn ará ìgbèríko gúúsù, wọ́n sì ti ibẹ̀ mú òrùlé páànù tí ó na apá síta àti igi tí a kò bò mọ́lẹ̀. Ká ní ibẹ̀ ni ó dúró sí, ayàwòrán ilé tí ó mọṣẹ́ dáadáa ni à bá pè é, òǹkàwé wa kì bá sì gbọ́ orúkọ rẹ̀ rárá.

Obìnrin kan ni ó yí i lọ́nà padà. Ní ọdún 1982, ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ Kátólíìkì kan, Sístà Grace Mary, pè é pé kí ó wá ran òun lọ́wọ́ láti ṣí àwọn ilé tí ìjọba ti kà sí ahoro nípò, kí wọ́n sì tún wọn ṣe fún àwọn aláìní ní káúńtì Madison, ní Mississippi. Nínú iṣẹ́ yìí ni Mockbee ti kọ́ ilé àánú rẹ̀ àkọ́kọ́. Ohun èlò tí àwọn ènìyàn fi tọrẹ àti èyí tí wọ́n tú lára ilé àtijọ́ ni ó lò, àwọn olùyọ̀ǹda ara ni ó ṣiṣẹ́, gbogbo owó tí ilé náà sì jẹ kò ju 7,000 dọ́là lọ. Ó rí i pé ó ṣeé ṣe. Òun àti Coker wá ya ilé mẹ́ta mìíràn fún irú àwọn ìdílé bẹ́ẹ̀, àwòrán àwọn ilé náà sì gba ẹ̀bùn ìwé ìròyìn Progressive Architecture ní ọdún 1987. Ẹ̀bùn dé, ṣùgbọ́n owó láti kọ́ wọn kò dé.

Ìgbà tí ó ń wá owó yìí ni àwòrán ọlọ́dà dé bá ilé kíkọ́ nínú ayé rẹ̀. Ó ti ń yàwòrán tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ní àkókò yìí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kun àwòrán àwọn ìdílé tálákà náà ní títóbi, èrò rẹ̀ sì ni pé bí olówó kò bá fẹ́ ka ìwé ẹ̀bẹ̀, bóyá yóò lè wo ojú ẹni tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí bí ó ṣe kùn wọ́n. Kò kun aṣọ tí ó ya tàbí ọwọ́ tí a nà síta fún ìtọrẹ. Ó gbé wọn jókòó bí ìgbà tí a bá ń ya ọba àti ìyáàfin ńlá, ojú wọn dojú kọ ẹni tí ń wò wọ́n, àwọ̀ wọn ń tàn, ìrísí wọn sì sún mọ́ ti àwọn òrìṣà inú ìtàn àwọn Gíríìkì àtijọ́. Nínú èyí tí ó kùn ní ọdún 1992, tí àkọlé rẹ̀ sọ pé àwọn ọmọ Eutaw dúró níwájú ilé wọn àtijọ́, Eutaw tí ó dárúkọ jẹ́ ìlú kékeré kan gan-an ní ìwọ̀-oòrùn Alabama, àgbègbè tí ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ibùjókòó iṣẹ́ rẹ̀ ni.

Mo ti gbọ́ kí àwọn kan máa sọ pé àṣejù wà nínú irú àwòrán bẹ́ẹ̀, pé ẹni tí òjò ń pa nínú yàrá kì í ṣe ọlọ́run ayé àtijọ́. Òótọ́ wà níbẹ̀. Síbẹ̀, ẹ fi wé ohun tí a sábà máa ń rí. Àgbègbè tí mo ń sọ yìí kan náà ni Walker Evans ti ya fọ́tò àwọn àgbẹ̀ aláwọ̀ funfun tí ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ ní ọdún 1936, fọ́tò wọ̀nyí sì gbajúmọ̀ jákèjádò ayé, bẹ́ẹ̀ ni ìyà náà kò kúrò níbẹ̀ ní ìran méjì lẹ́yìn wọn. Mockbee fẹ́ kí ẹni tí ń wo àwòrán òun bọ̀wọ̀ kí ó tó káàánú. Nígbà tí ó sì di ọ̀ràn ilé, ìlànà kan náà ni ó tẹ̀lé: ó máa ń sọ pé olówó àti tálákà ń fẹ́ ohun kan náà, àti pé yàrá tí ó gbóná tí kò sì jò kò tó, ó yẹ kí ilé jẹ́ ibi ààbò fún ọkàn pẹ̀lú.

Ní ọdún 1991 ni ó di olùkọ́ ní Auburn. Ọdún méjì lẹ́yìn èyí, ní 1993, òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ D. K. Ruth dá Rural Studio sílẹ̀ ní káúńtì Hale, ní ìwọ̀-oòrùn Alabama, ní ibi tí ó tó ìrìn wákàtí mẹ́ta nínú ọkọ̀ sí yunifásítì. Ètò náà rọrùn láti sọ lẹ́nu: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò kúrò ní kíláàsì, wọn yóò lọ gbé ní abúlé Newbern, wọn yóò mọ ìdílé kan, wọn yóò ya ilé fún un, wọn yóò sì fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ọ. Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ẹ̀kọ́ yìí mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ lè gboyè láì tíì pò símẹ́ǹtì rí. Ní Hale, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ya fèrèsé tí kò ṣeé kọ́, òun fúnra rẹ̀ ni yóò dúró nínú oòrùn Alabama pẹ̀lú òòlù lọ́wọ́ títí yóò fi rí àṣìṣe rẹ̀.

Ilé tí ó kọ́kọ́ sọ wọ́n di mímọ̀ ni Ilé Koríko ní Mason's Bend, abúlé kan ní káúńtì Hale, tí wọ́n parí ní ọdún 1994. Tọkọtaya arúgbó kan tí ń tọ́ ọmọ-ọmọ wọn ni wọ́n kọ́ ọ fún, inú ahéré tí kò ní omi ẹ̀rọ ni wọ́n sì ń gbé kí ó tó di ìgbà náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kó ìdì koríko gbígbẹ, wọ́n fi ọ̀rá wé ọ̀kọ̀ọ̀kan kí omi má baà wọ̀ ọ́, wọ́n tò wọ́n jọ bí ẹni to búlọ́ọ̀kù, wọ́n sì fi símẹ́ǹtì rẹ́ ẹ nínú àti lóde. Koríko tí a dì pinpin máa ń há afẹ́fẹ́ mọ́ àárín ara rẹ̀, nítorí náà ògiri tí ó nípọn bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kí ooru ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọlé, kì í sì í jẹ́ kí ìwọ̀nba iná tí a dá nígbà òtútù sá jáde. Iye tí ilé náà jẹ kò tó 20,000 dọ́là. Ní ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n kọ́ yàrá kéékèèké mẹ́ta olórí róbótó fún àwọn ọmọ, ní iwájú sì ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ wà, tí òrùlé rẹ̀ ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí ni mo fẹ́ kí òǹkàwé wa dúró wò dáadáa. Bí ẹ bá gbé iṣẹ́ ilé olówó pọ́ọ́kú fún ayàwòrán ilé lásán, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gé kúrò, nítorí pé ènìyàn kì í sùn níbẹ̀, a kì í sì í dáná níbẹ̀. Èrò tèmi ni pé ẹni tí ó ti jókòó fún ọjọ́ púpọ̀ láti kun ojú irú àwọn àgbàlagbà yìí ti rí ibi tí ayé wọn gan-an wà: ìta ni wọ́n ti ń gba àlejò, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bó ẹ̀wà, ibẹ̀ ni bàbá ti ń wo ọ̀nà. Nínú ilé náà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n fi ṣe ojú, ìyókù ara ilé sì tò sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ọwọ́ ẹni tí ń kun àwòrán ènìyàn nìyẹn.

Ní ọdún kejì, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta kọ́ ilé ìjọsìn kékeré kan ní Sawyerville pẹ̀lú nǹkan bí 1,000 táyà àlòkù. Wọ́n rọ yẹ̀pẹ̀ sínú táyà kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi òòlù ńlá gún un títí ó fi le bí òkúta, wọ́n sì tò wọ́n lé ara wọn kí wọ́n tó rẹ́ wọn. Ìwúwo táyà bẹ́ẹ̀ ni ó ń mú ògiri dúró. Igi òrùlé wá láti ara ilé àtijọ́ kan tí wọ́n tú, páànù rẹ̀ sì jẹ́ ti aká oko tí wọn kò lò mọ́. Nígbà tí ẹ bá wo fọ́tò inú ilé náà, ẹ kò ní í rántí táyà. Òkùnkùn díẹ̀, ilẹ̀ tí ó rì sísàlẹ̀, àti ìmọ́lẹ̀ tí ń wọlé láti ọ̀nà jíjìn ni ẹ ó rí.

Àwọn yòókù pọ̀, n ó sì kọjá lórí wọn kíákíá. Ilé Labalábá ti ọdún 1997 ní òrùlé méjì tí ó ṣí sókè bí apá, òjò tí ó bá rọ̀ sórí wọn sì ń ṣàn lọ sínú táǹkì tí wọ́n fi ń fọ aṣọ. Nítorí pé ìyá inú ilé náà ń lo kẹ̀kẹ́ ìjókòó, kò sí ibi tí kẹ̀kẹ́ kò lè gbà kọjá. Gbọ̀ngàn ìpàdé Mason's Bend ti ọdún 2000 ní ògiri amọ̀ tí wọ́n gún pẹ̀lú símẹ́ǹtì, òrùlé rẹ̀ sì jẹ́ 80 gíláàsì ọkọ̀ Chevrolet Caprice, tí akẹ́kọ̀ọ́ kan rà ní 120 dọ́là ní ibi tí wọ́n ti ń tú ọkọ̀ àlòkù ní Chicago. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti bá àwọn oníṣòwò àlòkù dúnàádúrà rí yóò mọ̀ pé ọjà ńlá ni ọmọ yẹn pa.

Ó yẹ kí n sọ ohun tí àwọn alátakò rẹ̀ ń sọ, nítorí pé olùkọ́ yín kan lè bi yín. Wọ́n ní ó ń fi tálákà dán nǹkan wò: kí ló dé tí ilé táyà kò fi sí ní àdúgbò olówó? Wọ́n tún ní ilé kan fún ìdílé kan lọ́dún kò lè tán ìṣòro káúńtì tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ti nílò ilé. Lórí ti àkọ́kọ́, mo gbà pé ewu náà wà, ṣùgbọ́n mo rántí pé ìdílé tí wọ́n ń kọ́lé fún mọ orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà, wọ́n ń rí wọn lójoojúmọ́, wọ́n sì lè bá wọn wí. Oníbàárà púpọ̀ tí ń sanwó kò ní àǹfààní bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ ayàwòrán ilé tirẹ̀. Lórí ti èkejì, òótọ́ ni wọ́n sọ, Rural Studio fúnra rẹ̀ sì gbà bẹ́ẹ̀ nígbà tí ó yá. Lábẹ́ Andrew Freear, tí ó gba ipò Mockbee, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní ọdún 2005 láti ya ilé tí gbogbo ìnáwó lórí rẹ̀ kò ní ju 20,000 dọ́là lọ, tí agbaṣẹ́ṣe lásán sì lè máa kọ́ léraléra. Ilé wọ̀nyí wúlò, wọ́n sì lẹ́wà níwọ̀nba. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ilé Koríko, ẹ ó mọ̀ pé ọwọ́ tí ó yà wọ́n ti yàtọ̀.

Ní ọdún 1998, àwọn dókítà rí i pé àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ń ṣe Mockbee. Wọ́n tọ́jú rẹ̀, ara rẹ̀ yá díẹ̀, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ní ọdún 2000, àjọ MacArthur fún un ní 500,000 dọ́là, ẹ̀bùn tí wọ́n máa ń fún àwọn tí ọpọlọ wọn yọrí láàrin ẹgbẹ́. Àrùn náà padà, ó sì kú ní ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá ọdún 2001 ní ìlú Jackson, ní Mississippi, ọjọ́ méje péré lẹ́yìn tí ó pé ọmọ ọdún 57. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ parí ilé kan tí ó ti yà sílẹ̀ ní Mason's Bend, tí ògiri rẹ̀ jẹ́ 72,000 ègé kápẹ́ẹ̀tì tí wọ́n tò lé ara wọn, tí wọ́n sì fi igi tẹ̀ mọ́lẹ̀ kí wọ́n lè dúró. Ní ọdún 2004, ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán ilé ní Amẹ́ríkà fún un ní àmì-ẹ̀yẹ wúrà wọn, èyí tí kò sí ohun tí ó ga jù ú lọ lọ́dọ̀ wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rí tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ bá bàbá yín kò sí nínú àmì-ẹ̀yẹ yẹn. Ní ọdún 2002, iṣẹ́ Mockbee àti Rural Studio wà nínú ìpàtẹ ńlá tí Whitney, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé iṣẹ́ ọnà ní New York, máa ń ṣe ní ọdún méjì méjì. Ìpàtẹ àwọn ayàwòrán àti agbẹ́gilére ni èyí, kì í ṣe ti àwọn tí ń kọ́lé. Nítorí náà, láàrin ọdún méjì, àwọn tí wọ́n mọ ilé kíkọ́ jù ní orílẹ̀-èdè rẹ̀ pè é ní ti wọn, àwọn tí wọ́n mọ àwòrán jù náà sì pè é ní ti wọn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹgbẹ́ kankan tí ó ní kí ó fi ìdajì ara rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó wọlé.

Ohun kan ṣẹ́ kù. Ní ọdún tí ó lò kẹ́yìn, Mockbee ń ya ibì kan tí ó pè ní Subrosa, yàrá oníkọnkéré róbótó kan tí ó rì sínú ilẹ̀, tí òkè rẹ̀ ṣí sílẹ̀ sí ojú ọ̀run, níbi tí ènìyàn méjì lè jókòó kí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ àṣírí. Kò rí i kọ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ni ó mú àwọn àwòrán tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀, tí ó lọ sí Newbern, tí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ọ.